Ẹ Kọ́kọ́ Mọ Ọjọ́ Orí Rẹ̀: Bí Géèmù Àtijọ́ Ṣe Lè Ṣiṣẹ́ Lórí Windows 10 àti 11

Tí géèmù àtijọ́ bá kọ̀ tí kò ṣí, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré ṣe ni pé wọ́n á wọ Properties, wọ́n á mú Compatibility, wọ́n á wá máa dán Windows 95, Windows 98 àti Windows XP wò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ta tẹ́tẹ́. Ó máa ń bọ́ sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́pọ̀ ìgbà, pàbó ló ń já sí, torí pé oògùn ibà ni wọ́n ń fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Ohun tó ń ṣe géèmù ọdún 1990 kọ́ ló ń ṣe ti ọdún 1997, ti ọdún 2005 náà sì tún yàtọ̀. Ẹ wádìí irú èyí tó wà lọ́wọ́ yín ná. Ìdajì iṣẹ́ ti parí nìyẹn.

Irú géèmù wo nìyí?

Bit ń sọ bí ohun tí ẹ̀rọ lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà ṣe tóbi tó: 16-bit ló ti pẹ́ jù, 32-bit ló tẹ̀ lé e, 64-bit sì ni ti òde òní. Windows 64-bit ló wà lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà báyìí; Windows 11 ò tiẹ̀ ní irú mìíràn. Windows 64-bit kì í gbé pírógírámù 16-bit rárá. Apá kan nínú Windows tó ń jẹ́ NTVDM ló máa ń gbé pírógírámù DOS (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà kí Windows tó gbòde) àti ti Windows 3.1 ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, Microsoft ò sì fi í sínú 64-bit. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá rí "This app can't run on your PC", tó sì jẹ́ pé 16-bit ni géèmù náà, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú ní Compatibility. Kò sí bọ́tìnnì kankan níbẹ̀ tó lè pe ohun tí kò sí padà.

Ọ̀nà tó yá jù láti mọ irú géèmù tó jẹ́ rèé. Ẹ ṣí Notepad, kẹ́ ẹ wọ́ fáìlì .exe géèmù náà sínú rẹ̀. Jágbajàgba lẹ máa rí, àmọ́ ẹ fara balẹ̀ wo apá òkè pátápátá. Lẹ́tà méjì tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ á jẹ́ MZ, ìyẹn ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ Mark Zbikowski, ọ̀kan lára àwọn tó ṣe MS-DOS ní Microsoft. Ohun tó tẹ̀ lé e ló ṣe kókó.

Bẹ́ ẹ bá rí "This program cannot be run in DOS mode" tàbí "This program must be run under Win32", tí lẹ́tà PE sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, géèmù Windows òde òní nìyẹn, ó sábà máa ń jẹ́ 32-bit. Ìrètí wà fún un láìlo àfarawé kankan, ìyẹn pírógírámù tó ń ṣe bí kọ̀ǹpútà àtijọ́. Bẹ́ ẹ bá rí "This program requires Microsoft Windows" pẹ̀lú lẹ́tà NE, géèmù Windows 3.1 ni, 16-bit. Tí kò bá sí èyíkéyìí nínú wọn, géèmù DOS ni. Ẹ sì lè rí DOS/4GW (ohun tí àwọn géèmù DOS kan fi ń lo ìrántí ẹ̀rọ tó pọ̀) níbì kan nínú rẹ̀, èyí tó ń jẹ́rìí sí i. Tẹ́ ẹ bá ti rí ohun tẹ́ ẹ ń wá, ẹ pa Notepad dé. Ẹ má tẹ Save o. Tí Notepad bá ti tún fáìlì náà kọ pẹ́nrẹ́n, ó ti bà jẹ́ nìyẹn.

Ẹ tún rántí pé fáìlì tó ń fi géèmù sórí ẹ̀rọ àti géèmù fúnra rẹ̀ lè má jẹ́ ẹgbẹ́ kan náà. Ọ̀pọ̀ géèmù ayé Windows 95 ló jẹ́ pé 32-bit ni géèmù, àmọ́ SETUP.EXE tó wà lórí CD jẹ́ 16-bit. Ẹnu ọ̀nà ló ń dá yín dúró níbẹ̀ yẹn, kì í ṣe ilé.

Géèmù DOS

DOSBox ni ojútùú rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Láti ọdún 2002 ló ti wà. Gbogbo kọ̀ǹpútà ayé ijọ́un ló ń sín jẹ: CPU rẹ̀ (ọpọlọ ẹ̀rọ), káàdì àwòrán VGA rẹ̀, àti káàdì ohùn Sound Blaster rẹ̀. Nítorí náà, kò kàn án bóyá Windows yín jẹ́ 64-bit tàbí kò jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dà 0.74-3 la máa fi ṣe àpẹẹrẹ níbí. DOSBox Staging àti DOSBox-X tó ṣẹ̀ wá látara rẹ̀ náà dáa. Àṣẹ tí wọ́n ń gbà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bákan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fáìlì ètò wọn yàtọ̀ níbì kan sí ibòmíì.

Ẹ jẹ́ ká fi Doom, géèmù id Software tó jáde ní December 1993, ṣe àpẹẹrẹ.

Ẹ dá fódà kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ C:\DOS. Ẹ má fi sínú Program Files, ẹ má fi sórí Desktop tí OneDrive ń ṣọ́. DOS ò mọ orúkọ tó gùn ju lẹ́tà mẹ́jọ lọ, kò sì fẹ́ àlàfo láàárín orúkọ. Fódà tó ń jẹ́ "Doom atijo" á di nǹkan bíi DOOMAT~1 lójú rẹ̀, orí yín á sì dàrú. Ẹ da àwọn fáìlì géèmù náà sínú C:\DOS\DOOM, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ ṣí DOSBox, kẹ́ ẹ kọ àwọn ìlà wọ̀nyí síbẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ Enter lẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan:

mount c c:\dos
c:
cd doom
dir *.exe

Ìlà àkọ́kọ́ ló ń sọ fún DOSBox pé fódà yẹn ni kó pè ní C:. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé rẹ̀, ó máa sọ pé Drive C does not exist. Tó bá sọ pé Illegal command, ó túmọ̀ sí pé ẹ ò tíì dé inú fódà géèmù náà, tàbí ẹ ṣi orúkọ kọ. Ìlà tó kẹ́yìn ń fi àwọn fáìlì .exe tó wà níbẹ̀ hàn yín. Tí ẹyọ kan ò bá jáde, ẹ wo *.com àti *.bat.

Ẹ má tíì ṣí géèmù o. Ẹ kọ setup ná. Ibí yìí ni àwọn tó ń sọ pé "ó ń ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀" ti máa ń ṣi ẹsẹ̀ gbé. Lóde òní, Windows ló ń bá géèmù wá káàdì ohùn. Láyé DOS, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa sọ fún géèmù ibi tí káàdì wà. Sound Blaster 16 ni DOSBox ń ṣe àfarawé rẹ̀, àwọn nọ́ńbà rẹ̀ sì ni: port 220, IRQ 7, DMA 1. Ọ̀pọ̀ géèmù máa ń fọkàn rò pé IRQ 5 ni, torí pé ibẹ̀ ni káàdì gidi sábà máa ń wà, wọn á sì dákẹ́ wẹ́lo. Ẹ yí 5 yẹn sí 7. Bí géèmù bá béèrè káàdì fún ohùn àti káàdì fún orin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ mú Sound Blaster fún ohùn, kẹ́ ẹ mú General MIDI tàbí Sound Blaster fún orin. Ní àwọn géèmù míì, SETSOUND.EXE tàbí INSTALL.EXE ni wọ́n ń pe setup yìí.

Lẹ́yìn náà ẹ kọ doom. Alt+Enter á mú kó kún ojú kọ̀ǹpútà. Tí máọ̀sì yín bá há sínú fèrèsé DOSBox, Ctrl+F10 ló ń tú u sílẹ̀. Ctrl+F9 sì ń pa DOSBox fi-í tí géèmù bá dákú.

Kẹ́ ẹ má bàa máa kọ nǹkan wọ̀nyí lójoojúmọ́, ẹ wá "DOSBox 0.74-3 Options" ní Start menu. Ó máa ṣí fáìlì ètò fún yín. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ [autoexec], ẹ kọ mount c c:\dos, c:, cd doom àti doom síbẹ̀, ìlà kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá ti tọ́jú rẹ̀, géèmù náà á máa bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá ṣí DOSBox.

Eré tó pọ̀ jù àti eré tó kéré jù

Nínú ohun gbogbo tó wà nínú DOSBox, cycles ló yẹ kẹ́ ẹ fi ìkánjú sílẹ̀ fún. Nọ́ńbà yìí ló ń sọ iye iṣẹ́ tí CPU àfarawé máa ṣe láàárín ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Ọ̀pọ̀ géèmù ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 sí 1990 ò ní agogo nínú. Bí CPU bá ṣe yára sí ni àwọn ọ̀tá ṣe máa yára sí, torí pé àwọn tó ṣe é ò ronú pé ẹnikẹ́ni á fi ẹ̀rọ tó yára ju tiwọn lọ ta á. Wing Commander ti ọdún 1990 jẹ́ àpẹẹrẹ tó gbajúmọ̀: tí cycles bá pọ̀, ọkọ̀ òfuurufú àwọn ọ̀tá á ti kọjá kẹ́ ẹ tó rí i.

Nínú fáìlì ètò, lábẹ́ [cpu], cycles=auto ló máa ń wà níbẹ̀. Ìyẹn ń fún géèmù tó ti dàgbà ní 3000, ó sì ń fún àwọn tó ń lo DOS/4GW ní gbogbo agbára tó bá rí. Doom fẹ́ràn bẹ́ẹ̀. Fún àwọn yòókù, ẹ lè fi ojú díwọ̀n: cycles=fixed 3000 sún mọ́ kọ̀ǹpútà 286, nǹkan bí 6000 sún mọ́ 386 tó ní 33 MHz, nǹkan bí 25000 sún mọ́ 486 DX2 tó ní 66 MHz. Ẹ wo ọdún tí géèmù jáde, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀. Bí géèmù bá ti ń lọ, Ctrl+F12 ń fi kún un, Ctrl+F11 ń dín in kù, nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ á sì máa hàn lókè fèrèsé. Ẹ ṣe é títí tí ìrìn rẹ̀ fi máa tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ka nọ́ńbà náà, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú fáìlì ètò.

Àṣìṣe kan wà tó ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn lásán: "Runtime error 200". Kì í ṣe pé géèmù yín bà jẹ́. Borland Pascal ni wọ́n fi kọ irú géèmù bẹ́ẹ̀. Tó bá ń bẹ̀rẹ̀, ó máa ń ka bí CPU ṣe yára sí, iye tó bá kà á sì wá tóbi ju ohun tó lè gbà lọ. Ẹ dín cycles kù kẹ́ ẹ tó ṣí i, á sì wọlé wẹ́rẹ́. Lẹ́yìn tó bá wọlé tán, ẹ lè fi kún un padà.

Tí ohùn bá ń já ní kékèké, tí orin sì ń wọ́lẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe ni pé wọ́n á tún fi kún cycles. Òdìkejì ló yẹ. Ẹ ti béèrè ohun tó pọ̀ ju agbára kọ̀ǹpútà yín lọ, ẹ dín in kù.

Ọ̀rọ̀ ojú àwòrán náà wà. Ọ̀pọ̀ géèmù DOS ń yàwòrán ní 320x200, àmọ́ ojú tẹlifíṣọ̀n kọ̀ǹpútà ìgbà náà jẹ́ 4:3, tó fi jẹ́ pé àwòrán náà máa ń ga díẹ̀ ju bó ṣe wà nínú fáìlì lọ. Lórí ẹ̀rọ òde òní, àwọn èèyàn inú rẹ̀ á wá kúrú, wọ́n á sanra. Lábẹ́ [render], ẹ kọ aspect=true. Lábẹ́ [sdl], ẹ kọ output=opengl àti fullresolution=desktop. Tẹ́ ẹ bá fi output=surface sílẹ̀ bó ṣe wà, àwòrán lè wà ní kékeré sí àárín ojú kọ̀ǹpútà.

CD àti fílọ́pì nígbà tí laptop ò ní ihò mọ́

Ẹ yá ẹ̀rọ tó ń ka CD tí wọ́n ń fi USB so mọ́ kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ sọ CD náà di fáìlì lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ sì gbé CD sí ibi tí oòrùn ò ti lè bà á jẹ́. ImgBurn ń ṣe iṣẹ́ yìí lọ́fẹ̀ẹ́ ní "Create image file from disc". Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún ISO, irú fáìlì ẹ̀dà CD tó wọ́pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ CD géèmù àárín ọdún 1990 sí 1999 jẹ́ pé apá kan rẹ̀ jẹ́ fáìlì, apá kejì jẹ́ orin gidi bíi ti CD orin. ISO ò lè gbé orin yẹn. Géèmù á ṣiṣẹ́, kò ní sí àṣìṣe kankan, àmọ́ kò ní sí orin, ẹ ó sì máa dá káàdì ohùn lẹ́bi. BIN pẹ̀lú CUE ló ń gbé méjèèjì.

Windows 10 àti 11 ń ṣí ISO fúnra wọn tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n wọn ò mọ CUE. WinCDEmu mọ̀ ọ́n, ọ̀fẹ́ ni òun náà. DOSBox ò tiẹ̀ nílò ìrànlọ́wọ́:

imgmount d c:\dos\cd\geemu.cue -t cdrom

Fún fílọ́pì, ẹ to àwọn ẹ̀dà rẹ̀ tẹ̀ léra wọn sórí ìlà kan:

imgmount a c:\dos\d1.img c:\dos\d2.img -t floppy

Tí géèmù bá ní kẹ́ ẹ fi disk 2 sí i, Ctrl+F4 ló ń pààrọ̀ rẹ̀.

Àwọn tí wọ́n ti bá yín ṣe iṣẹ́ náà tán

Kẹ́ ẹ tó lo alẹ́ mẹ́ta lórí géèmù kan, ẹ wò ó bóyá àwọn kan ti tún ẹ̀rọ inú rẹ̀ kọ fún Windows òde òní. Ní December 1997, id Software tú kóòdù tí wọ́n fi kọ Doom (source code) sílẹ̀ fún gbogbo ayé, látìgbà náà sì ni àwọn èèyàn ti ń ṣe tiwọn. Chocolate Doom ń ṣe é bó ṣe rí gẹ́lẹ́ lọ́jọ́ náà. GZDoom ń fi àwòrán tó mọ́ àti máọ̀sì òde òní kún un. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń fẹ́ lọ́wọ́ yín ni DOOM.WAD tó wà nínú géèmù tẹ́ ẹ rà, tàbí DOOM1.WAD ti ẹ̀dà ọ̀fẹ́. Fún Prince of Persia, SDLPoP wà. Fún àwọn géèmù àlọ́ tí wọ́n fi máọ̀sì ń ta, irú èyí tí LucasArts ń ṣe, ScummVM ni kẹ́ ẹ lò. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù Android pàápàá, wọ́n sì ń fi Beneath a Steel Sky àti Flight of the Amazon Queen tọrẹ lórí ìkànnì rẹ̀ lọ́nà tó bófin mu. Tí ọ̀kan nínú wọ̀nyí bá wà fún géèmù yín, ẹ gbàgbé DOSBox.

Géèmù Windows 3.1 àti SETUP tó jẹ́ 16-bit

Pírógírámù kékeré kan tó ń jẹ́ otvdm, tí wọ́n tún ń pè ní winevdm, ló ń dá 16-bit padà fún Windows 64-bit. Ẹ wà á jáde, ẹ tú u sínú fódà kan, kẹ́ ẹ wá wọ́ SETUP.EXE géèmù náà lé otvdmw.exe lórí. Tí kò bá gbà, ẹ yẹ CD wò: nígbà míì, géèmù náà ti wà níbẹ̀ ní títú sílẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì da fódà rẹ̀ sórí ẹ̀rọ lásán, á ṣí.

Géèmù Windows 95 sí XP

Ibí yìí ló ti máa ń díjú, torí pé géèmù náà ń ṣí lóòótọ́, àmọ́ ó ń ṣe wérewère.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ibi tẹ́ ẹ fi í sí. Láti ayé Windows Vista ni Windows ti ń dí pírógírámù lọ́wọ́ láti kọ nǹkan sínú Program Files. Géèmù ọdún 2001 ò mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ń gbìyànjú láti tọ́jú eré yín síbẹ̀. Windows á wá rọra gbé fáìlì náà lọ sí %LOCALAPPDATA%\VirtualStore, tàbí kó kọ̀ pátápátá. C:\Games ni kẹ́ ẹ máa fi géèmù sí, ọ̀rọ̀ "Run as administrator" ò sì ní wáyé mọ́.

Tí àwọ̀ bá dàrú, tí koríko pupa, tí omi sì rí bí àdìrẹ tí wọ́n rẹ tó ṣì, bó ṣe máa ń rí nínú Age of Empires II ti ọdún 1999, àwọ̀ 256 ló fà á. Géèmù náà ní àwo àwọ̀ kan ṣoṣo tó ń lò, Windows sì ń jà á gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ wa cnc-ddraw jáde, ẹ tú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú fódà tí .exe géèmù wà, ní pàtàkì ddraw.dll àti ddraw.ini. Fáìlì "cnc-ddraw config" tó bá a wá lẹ máa fi yan bóyá kó kún ojú kọ̀ǹpútà tàbí kó wà nínú fèrèsé.

Tó bá jẹ́ pé 3D ni géèmù náà, tó ń lo Direct3D àtijọ́ tàbí Glide ti káàdì 3dfx, dgVoodoo2 ni kẹ́ ẹ lò. Nínú fódà MS\x86 rẹ̀, ẹ da DDraw.dll àti D3DImm.dll sínú fódà géèmù. Ẹ fi D3D8.dll kún un tí géèmù bá jẹ́ ti bí ọdún 2001 sí 2004. Fún Glide, 3Dfx\x86 lẹ máa lọ, Glide2x.dll sì ni wọ́n sábà máa ń wá. Ẹ da dgVoodooCpl.exe síbẹ̀ pẹ̀lú, kẹ́ ẹ ṣí i, kẹ́ ẹ yan bí àwòrán á ṣe tóbi tó. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé àwọn èèyàn ń mú fódà x64 torí pé Windows wọn jẹ́ 64-bit. Géèmù lẹ ń bá wí, kì í ṣe Windows. Géèmù jẹ́ 32-bit, x86 ni tirẹ̀. Ẹ fi àmì dgVoodoo sílẹ̀ kó máa hàn ní igun ojú kọ̀ǹpútà nígbà àkọ́kọ́. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ mọ̀ pé ó ti gba iṣẹ́; tẹ́ ẹ ò bá rí i, fódà tí kì í ṣe tirẹ̀ lẹ dà á sí. Lẹ́yìn náà lẹ lè pa àmì náà. Ẹ má fi iye VRAM (ìrántí káàdì àwòrán) sí gìgá jù pẹ̀lú, torí pé àwọn géèmù kan wà tí nọ́ńbà ńlá ń da lọ́kàn rú. Ẹ má sì kó cnc-ddraw àti dgVoodoo2 sínú fódà kan náà: orúkọ kan náà ni ddraw wọn ń jẹ́, ọ̀kan á pa èkejì rẹ́.

Tí Windows bá béèrè DirectPlay (apá Windows tí géèmù àtijọ́ fi ń so kọ̀ǹpútà pọ̀ láti ta á), ẹ jẹ́ kó fi í sí i, tàbí kẹ́ ẹ lọ sí "Turn Windows features on or off", lábẹ́ Legacy Components. Tó bá sọ pé d3dx9_43.dll tàbí xinput1_3.dll ò sí, ẹ má lọ wá fáìlì ẹyọ kan lórí àwọn ìkànnì tó ń pín dll kiri. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ra àrùn fún kọ̀ǹpútà wọn lọ́wọ́ ara wọn. DirectX End-User Runtimes ti June 2010 wà lórí ìkànnì Microsoft. Ó máa kọ́kọ́ tú ara rẹ̀ sínú fódà tẹ́ ẹ bá yàn fún un. Ẹ ṣì gbọ́dọ̀ wọ inú fódà náà kẹ́ ẹ tẹ DXSETUP.exe. Àwọn kan máa ń rò pé iṣẹ́ ti parí lẹ́yìn títú yẹn. DirectX 12 yín ò ní sí ewu, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ti àtijọ́ máa wà.

Tí CD bá wà nínú ẹ̀rọ, tí géèmù sì ń sọ pé kẹ́ ẹ fi CD sí i, ẹ fura sí SafeDisc, ohun tí wọ́n fi ń dènà kí wọ́n má ṣe da CD géèmù kọ. Ìdáàbòbò yìí ń lo secdrv.sys, èyí tí Microsoft yọ kúrò ní Windows 10 láti ìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì pa á lórí Windows Vista, 7 àti 8 ní September 2015 torí pé ó ṣí ilẹ̀kùn fún olè. Kò sí ètò kankan tó máa mú un ṣiṣẹ́. Ẹ wò ó bóyá àwọn tó ṣe géèmù náà gbé àtúnṣe kan jáde tí kò béèrè CD mọ́, tàbí kẹ́ ẹ tún un rà ní GOG, tó ti ń ta géèmù àtijọ́ tí wọ́n ti tún ṣe láti ọdún 2008. Owó rẹ̀ kì í pọ̀, ó sì sàn ju .exe tẹ́ ẹ gbà lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ ò mọ̀.

Grand Theft Auto: San Andreas, tó dé orí kọ̀ǹpútà lọ́dún 2005, ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Tó bá ń kú kó tó ṣí, ẹ lọ sí Documents, sínú "GTA San Andreas User Files", kẹ́ ẹ pa gta_sa.set rẹ́, eré tẹ́ ẹ ti tọ́jú ò ní lọ. Tí máọ̀sì kò bá yí ojú ẹni inú rẹ̀, SilentPatch ló ń tún un ṣe, òun pẹ̀lú ASI loader (fáìlì tó ń gbé e wọ inú géèmù), nínú fódà géèmù. Ẹ sì jẹ́ kí Frame Limiter wà ní On. Iye àwòrán tí géèmù náà ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan ló fi ń ṣírò ìrìn àwọn nǹkan kan. Tẹ́ ẹ bá tú u sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà alágbára, CJ, ẹni tẹ́ ẹ ń darí nínú géèmù náà, á máa wẹ̀ bí ẹni wọ agbádá sínú odò, àwọn iṣẹ́ kan á sì di ohun tí apá ò ká.

Géèmù tó ń dúró tó ń lọ tàbí tó ń sáré sódì lórí CPU tó ní orí (core) púpọ̀, ẹ fi í sórí orí kan ṣoṣo. Ẹ dá shortcut kan sílẹ̀ tó ní ìlà yìí nínú:

cmd /c start "" /affinity 1 "C:\Games\Geemu\geemu.exe"

Tí ojú géèmù bá tóbi ju ojú kọ̀ǹpútà lọ tó sì gé, Compatibility ló máa wúlò níbí: "Change high DPI settings", ẹ mú Override, kẹ́ ẹ yan Application. Ohun mìíràn tí Compatibility mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa ni kó parọ́ nọ́ńbà Windows fún setup tó ń sọ pé òun fẹ́ Windows 98. Ju ìyẹn lọ, ẹ má gbára lé e púpọ̀.

Tí gbogbo rẹ̀ bá kọ̀

Ẹ kọ́ odidi kọ̀ǹpútà àtijọ́ sínú tuntun. 86Box ń ṣe àfarawé ẹ̀rọ Pentium pẹ̀lú káàdì Voodoo, ẹ sì lè fi Windows 98 sínú rẹ̀, àmọ́ CPU tó lágbára ló ń fẹ́. VirtualBox fúyẹ́ jù ú lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀dà tuntun rẹ̀ ò fún Windows XP ní 3D mọ́, nítorí náà géèmù 2D nìkan ló dáa fún. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá lò, ẹ já a kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Títa Doom ní ẹni méjì

DOSBox ń gbé IPX, nẹ́tíwọ̀kì àtijọ́, gba orí Wi-Fi. Kọ̀ǹpútà méjèèjì lè wà lórí hotspot fóònù kan, dátà yín ò sì ní lọ. Nínú fáìlì ètò méjèèjì, lábẹ́ [ipx], ẹ kọ ipx=true. Lórí ti àkọ́kọ́, ẹ kọ:

ipxnet startserver

Windows á béèrè bóyá kó gbà. Ẹ tẹ Allow. Ẹ fi ipconfig wá IP rẹ̀ (nọ́ńbà àdírẹ́sì rẹ̀ lórí nẹ́tíwọ̀kì) ní Command Prompt Windows, kì í ṣe nínú DOSBox. Lórí ti ìkejì:

ipxnet connect 192.168.43.10

Ẹ fi IP tiyín rọ́pò rẹ̀. Tó bá ti sọ pé ó ti so, ẹ wọ fódà DOOM lórí méjèèjì, kẹ́ ẹ kọ ipxsetup -nodes 2. Ẹ̀dà Doom kan náà ló gbọ́dọ̀ wà níhà méjèèjì. Tí ọ̀kan bá jẹ́ 1.9 tí èkejì sì kéré sí i, wọn ò ní gbọ́ ara wọn yé.